Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Oòrùn Láìfi Ojú Wewu

Ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí àwòrán ohun tí à ń wò ti ń yọ, kò ní iṣan tó ń mọ ìrora. Ẹni tó bá fi awò awọ̀nàjíjìn tí kò ní asẹ́, ìyẹn ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, wo oòrùn, ojú rẹ̀ á ti jóná kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun, kò sì ní dùn ún rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ti orí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí. Orí asẹ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nínú gbogbo ìràwọ̀ tó wà, oòrùn nìkan ló sún mọ́ wa débi pé awò kékeré lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ hàn wá. Àwọn yòókù, tí a bá fi awò tó wà lọ́wọ́ wa wò wọ́n, bí orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rí. Ti oòrùn yàtọ̀. Ahọ́n iná tí ẹ rí létí rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè ti já kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ ò nílò òkùnkùn, ẹ ò sì nílò àìsùn. Asẹ́ tó dára, àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀, àti sùúrù lẹ nílò.

Asẹ́ wo ni kí ẹ lò?

Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà, iwájú awò gan-an la sì ń dè é mọ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Èyí tí ilé iṣẹ́ Baader ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní AstroSolar, ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ OD 5 sí lára (OD ni ìwọ̀n bí asẹ́ ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó) máa ń jẹ́ kí ìdá kan péré nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá. Òun ló ṣeé fojú wò. Òmíràn wà tí wọ́n kọ OD 3.8 sí lára. Kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ti OD 5. Awò tí ẹ bá fi í bò, ojú ènìyàn ò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Tí ọ̀rá náà bá hun jọ díẹ̀, ẹ má fà á le. Bó bá le gbandi bí awọ ìlù, àwòrán á bàjẹ́. Bó bá dẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é.

Ohun tí asẹ́ yìí ń fi hàn ni àwọn àbàwọ́n dúdú ojú oòrùn, àwọn ibi tó mọ́lẹ̀ ju àyíká wọn lọ nítòsí etí rẹ̀, àti, bí afẹ́fẹ́ bá gbà, àwọn wóró-wóró tó bo gbogbo ojú rẹ̀. Wóró kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Gáàsì gbígbóná ló ń hó wá sókè níbẹ̀, tó ń tutù, tó sì ń rì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àbàwọ́n yẹn náà ò dúdú lóòótọ́. Wọ́n kàn tutù ju àyíká wọn lọ ni, torí ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bí 5,500°C, tiwọn ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ní 1908, ní ilé ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní Amẹ́ríkà, George Ellery Hale fi hàn pé agbára òòfà tó le gan-an ló wà nínú wọn. Òun ló ń dí ooru lọ́wọ́ láti gòkè wá.

Ẹni tó bá ní awò onílẹ́ǹsì, tí kì í ṣe onídígí, lè lo Herschel wedge dípò ọ̀rá. Gíláàsì kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń dá nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà síbi tí kámẹ́rà wà, tó sì ń lé ìyókù jáde sẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀rá lọ. Àmọ́ ẹ rántí pé ìdá márùn-ún yẹn ṣì lè fọ́ ojú, nítorí náà asẹ́ dúdú tó máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láé. Ẹ má sì fi sí ìdí awò onídígí, torí ooru inú rẹ̀ á ba awò náà jẹ́.

Ọ̀nà kejì lèyí tó mú mi lọ́kàn jù: H-alpha. Níbí, a kì í kàn dín ìmọ́lẹ̀ kù, àwọ̀ kan ṣoṣo la ń ṣà nínú gbogbo rẹ̀. Háídrójìn inú oòrùn ní àwọ̀ pupa kan tó jẹ́ tirẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní H-alpha, ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 656.28 nánómítà. Tí asẹ́ yín bá lè mú ìyẹn nìkan, kó sì ti gbogbo ìyókù dànù, ojú oòrùn tí a mọ̀ á pòórá, ìpele tó wà lókè rẹ̀ á wá yọ: ahọ́n iná létí, okùn dúdú tó nà kọjá àárín, àti ohun kan tó dà bí irun kúkúrú tó dì mọ́ra yí gbogbo rẹ̀ ká. Ahọ́n iná àti okùn dúdú yẹn, ohun kan náà ni wọ́n. Bó bá wà létí, ó ń tàn lórí òfuurufú dúdú. Bó bá bọ́ sáàárín, ó ṣú lórí ojú tó mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni etalon, gíláàsì méjì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ tí wọ́n kọjú síra, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta padà síwá-sẹ́yìn láàárín wọn títí àwọ̀ tí a ò fẹ́ fi pa ara wọn rẹ́. Charles Fabry àti Alfred Perot ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1899. Àlàfo àwọ̀ tó ń gba inú etalon tí à ń lò kọjá sábà máa ń jẹ́ 0.7 tàbí 0.5 Angstrom (Angstrom mẹ́wàá ló wà nínú nánómítà kan). Bó bá ṣe tín-ín-rín tó ni ojú oòrùn á ṣe yọ tó. Àwọn awò kan wà tí wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú wọn láti ilé iṣẹ́, bíi Coronado PST àti ti Lunt. Quark tí ilé iṣẹ́ DayStar ń ṣe ní tiẹ̀, ìdí awò onílẹ́ǹsì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ ó ti i bọ̀. Kí ẹ ka ìwé tó bá a wá dáadáa, torí bí awò yín bá tóbi ju ìwọ̀n kan lọ, wọ́n á ní kí ẹ fi asẹ́ tó ń lé ooru sí i. Ẹ má tú èyíkéyìí nínú àwọn asẹ́ inú awò H-alpha kúrò, ẹ má sì fi ti awò kan dípò òmíràn.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti ń ya fọ́tò ìràwọ̀ lóru gbọ́. Asẹ́ H-alpha tí ẹ fi ń ya ìkùukùu ọ̀run lóru kì í ṣe ti oòrùn. Orúkọ ló jọra. Èyí tí àlàfo àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7 nánómítà fẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju 0.7 Angstrom lọ, kò sì lè gba ojú yín lọ́wọ́ oòrùn.

Asẹ́ kálísíọ̀mù, tí à ń pè ní CaK, tún wà, 393.4 nánómítà. Àwọ̀ rẹ̀ wà ní bèbè ohun tí ojú ènìyàn lè rí, kámẹ́rà ló máa ń gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró dìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ iṣẹ́.

Kí awò tó kọjú sí oòrùn

Ẹ gbé ọ̀rá asẹ́ yín sókè síwájú gílóòbù tó mọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó láti etí kan dé ìkejì. Bí ẹ bá rí ihò kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ jù ú nù. Ẹ fi téèpù lẹ férémù rẹ̀ mọ́ ara awò níbi mẹ́ta, torí atẹ́gùn kì í sọ fún ènìyàn kó tó dé. Asẹ́ pínníṣín tí wọ́n máa ń dè mọ́ ibi tí ojú ń wò, tó ń bá àwọn awò olówó pọ́ọ́kú wá, ẹ má lò ó rárá. Ibi tí ooru ti kóra jọ ló ń jókòó sí, ó sì lè là nígbà tí ojú yín ṣì wà níbẹ̀.

Awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ńlá, tí a fi ń wá ìràwọ̀ lóru, ẹ tú u kúrò pátápátá. Lọ́jọ́ kan mo bo awò ńlá dáadáa, mo gbàgbé kékeré. Mo tẹ̀ síwájú láti wo ojú kọ̀ǹpútà, mo sì gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Ihò tó ṣí léjìká aṣọ mi ò tóbi ju orí ìṣó lọ. Ká ní ojú ọmọ kan ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, awò kékeré yẹn kì í jáde pẹ̀lú mi lọ́sàn-án. Ẹ má sì fi awò tó kọjú sí oòrùn sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Kámẹ́rà tó bá awò yín mu

Ìṣirò kan wà tó rọrùn, tí mo máa ń ṣe kí n tó ra ohunkóhun: ẹ fi 109 pín gígùn fókọ́ọ̀sì awò yín (láti lẹ́ǹsì tàbí dígí rẹ̀ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kóra jọ), iye tó bá jáde ni bí àwòrán oòrùn á ṣe fẹ̀ tó lójú kámẹ́rà, ìyẹn ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Awò tí gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 400 mm á fún yín ní oòrùn tó fẹ̀ ní nǹkan bí 3.7 mm. Kámẹ́rà tó ní ojú IMX178, tó jẹ́ nǹkan bí 7.4 mm sí 5 mm, á gbà á tán. Ẹ wá fi Quark sí ìdí awò kan náà. Ó ń sọ gígùn náà di ìlọ́po 4.2, oòrùn á di nǹkan bí 15 mm, apá kan péré lẹ ó sì máa rí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí aburú nínú ìyẹn, àmọ́ ó dára kí ènìyàn mọ̀ ṣáájú.

Kámẹ́rà aláwọ̀ dúdú-funfun ni kí ẹ rà fún H-alpha. Nínú kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère, píksẹ̀lì kan nínú mẹ́rin ló ń rí pupa, ẹ ó sì pàdánù mẹ́ta tó kù. Fún asẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun, fóònù tí ẹ dè mọ́ ibi tí ojú ń wò lè ṣe iṣẹ́ tó wúlò.

Ohun kan máa yọ yín lẹ́nu: ìlà títẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tó sì ṣú, tó ń jọ bí omi tí wọ́n sọ òkúta sí, á bo gbogbo àwòrán H-alpha yín. Àárín gíláàsì ojú kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà síra. Ohun tó ń wò ó sàn ni òrùka tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tilt adapter. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi pòórá.

Afẹ́fẹ́ ni olórí ọ̀rọ̀

Mo ti rí ẹni tó ní awò kékeré tó ya fọ́tò tó wú ni lórí, mo sì ti rí ẹni tó ní etalon tó dára tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ rí bàìbàì. Afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀. Tí oòrùn bá ti ń pa ilẹ̀, ooru á máa gòkè láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n, etí oòrùn lójú kọ̀ǹpútà á sì máa ru bí omi inú ìkòkò. Kò sí sọ́fítíwià tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ní tèmi, wákàtí kan ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ló dára jù: ó ti gòkè díẹ̀, ilẹ̀ ò sì tíì gbóná. Ẹ gbé awò sórí koríko, kì í ṣe sórí kọnkéré tàbí ọ̀dà. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba orí òrùlé wá bá yín, torí páànù tó gbóná á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ omi. Ẹ wá jókòó kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan á wà tí gbogbo nǹkan á dúró jẹ́ẹ́, tí wóró-wóró á yọ lójú oòrùn bí ìgbà tí wọ́n fọ gíláàsì. Àkókò yẹn lẹ wá mú.

Wíwá oòrùn àti mímú un já gaara

Ẹ má fi ojú wá oòrùn. Òjìji awò ni kí ẹ wò nílẹ̀: ẹ máa yí awò títí òjìji rẹ̀ á fi kéré jù lọ, tó sì rí róbótó. Oòrùn ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí awò náà ò bá ní mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e, oòrùn á rìn tó bí ó ṣe fẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, nítorí náà mọ́tò ṣe pàtàkì. Ẹ yàn án sí ìyára oòrùn, kì í ṣe ti ìràwọ̀. Kọ́ńpáàsì àti iye digirì tí ibi tí ẹ wà fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé (latitude) ti tó láti fi darí rẹ̀ sí àríwá lọ́sàn-án.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í hàn lábẹ́ oòrùn. Mo máa ń gbé e sínú páálí tí mo gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, màá sì fi aṣọ dúdú bo orí ara mi àti páálí náà. Inú rẹ̀ gbóná, àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti lè mú àwòrán já gaara ní ti gidi. Ẹ wá etí àbàwọ́n kan. Bí kò bá sí àbàwọ́n, ẹ lo etí oòrùn. Ẹ yí i kọjá ibi tó dára, kí ẹ tún yí i padà, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ojú yín lè mọ ibi tó já gaara jù. Ẹ tún un ṣe ní gbogbo ìdajì wákàtí, torí awò ń gbóná, ibi tó já gaara ń sún.

Bó bá jẹ́ H-alpha, ẹ ṣì ní kókó kan láti yí, èyí tó ń sún àwọ̀ tí etalon ń mú. Ẹ dúró síbi tí okùn dúdú ti ṣú jù lọ. Lórí Quark, iná mànàmáná ló ń mú un gbóná, ẹ ó sì dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá yí i. Bí okùn kan bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé pòórá, ẹ má sọ̀rètí nù. Bóyá ó ń fò bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni, àwọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ sí apá búlúù. Ẹ yí kókó náà díẹ̀, ẹ lè tún rí i.

Yíya rẹ̀

Fídíò là ń ya, kì í ṣe fọ́tò kan. Sọ́fítíwià FireCapture tàbí SharpCap á ṣe é. Ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi SER, irú fáìlì fídíò kan. Ẹ jẹ́ kí àkókò ìgbàmọ́lẹ̀, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ, kí afẹ́fẹ́ má ráyè ba àwòrán jẹ́, kí histogram, àwòrán ìlà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, sì dé ìwọ̀n 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ẹ pa á.

Ẹ ya 1,000 sí 2,000 àwòrán, ṣùgbọ́n kí fídíò kan má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bí ẹ bá sún mọ́ ojú oòrùn gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn irun kúkúrú tí mo sọ lókè yẹn, ọwọ́ iná tó ń tú sókè ni wọ́n, ìyára wọn á tó kìlómítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ti rin 1,500 kìlómítà. Fídíò tó bá gùn á pò wọ́n mọ́ra.

Ahọ́n iná ò mọ́lẹ̀ tó ojú oòrùn. Ẹ ya ojú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi kún àkókò ìgbàmọ́lẹ̀ títí ojú náà á fi funfun báláú, ahọ́n iná á sì yọ. Ẹ ya ìyẹn náà lọ́tọ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ tún ya àwòrán eruku: ẹ gbé awò sí àárín ojú oòrùn, ẹ mú un rí bàìbàì pátápátá, kí ẹ ya fídíò kúkúrú kan. Sọ́fítíwià á fi í nu eruku ojú kámẹ́rà. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá eruku ni tàbí àbàwọ́n oòrùn, ẹ yí kámẹ́rà nínú ihò rẹ̀. Oòrùn á yí lójú kọ̀ǹpútà, eruku á dúró síbi tó wà.

Títò ó pọ̀ àti mímú un mú ṣáṣá

Ẹ ṣí fídíò náà nínú AutoStakkert, sọ́fítíwià tó ń to àwòrán pọ̀. Bí gbogbo oòrùn bá wà nínú àwòrán, ẹ yan Planet. Bó bá jẹ́ apá kan, ẹ yan Surface. Á to àwọn àwòrán láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù. Mo máa ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá dára, ìdá márùn-ún. Ohun tó bá jáde á rọ̀, á sì rí bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sínú sọ́fítíwià ImPPG, kí ẹ lo Lucy–Richardson, ọ̀nà ìṣirò tó ń mú àwòrán mú ṣáṣá, kí ẹ fi sigma (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe rọ̀ tó) sí 1.3 fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bí wóró-wóró á ṣe máa jáde wá.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá rí ìlà funfun kan tó yí etí oòrùn ká, tàbí tí ojú rẹ̀ bá rí bí ike, ẹ ti mú un mú jù. Ẹ dá a padà. Àwọ̀ pupa tàbí ọsàn tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò H-alpha, àwa la fi síbẹ̀ pẹ̀lú GIMP, sọ́fítíwià àtúnṣe fọ́tò, tàbí irú rẹ̀, torí dúdú-funfun ni kámẹ́rà yà. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, kí ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi fọ́tò náà hàn.

Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sábẹ́ fọ́tò náà, ní UT, aago kan náà tí gbogbo ayé jọ ń lò. Kí ẹ tó tú awò palẹ̀, ẹ pa mọ́tò, kí ẹ wo apá ibi tí oòrùn ń sún sí lójú kọ̀ǹpútà: ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ nìyẹn, ẹ kọ òun náà sílẹ̀. Bó bá di ọ̀la, ẹ ya ibì kan náà ní aago kan náà. Oòrùn á ti yí nǹkan bí digirì mẹ́tàlá, àbàwọ́n tí ẹ yà lónìí á ti sún sí apá tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn.